Kí ló dé tí omi kànga ń gbóná láàárọ̀ ọyẹ́?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Ọmọ Ìyàrá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá mi lóhùn o. Ilé bàbá mi ní Ìyàrá ni mo wà. Láàárọ̀ kùtù, tí ọyẹ́ ń gé ni létè, omi tí a bá fà nínú kànga máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, èéfín á máa rú lórí rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, tí oòrùn mú ganrínganrín, omi kànga kan náà á tutù. Ìyá mi àgbà ní ilẹ̀ ló ń mí: ó ń mí ooru síta láàárọ̀, ó ń fà á padà lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, iná ló wà lábẹ́ òkè ẹ̀yìn ilé wa, bíi ti Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná ti ń sun láti inú ilẹ̀. Èwo ni ká gbà? Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

* * *

Èsì

Omi yẹn ò gbóná láàárọ̀, kò sì tutù lọ́sàn-án. Ara tìrẹ ló ń yí padà.

Wá tẹmọ́mítà, kó o tì í bọ inú korobá bó o bá ṣe ń fà á jáde. Nọ́ńbà àárọ̀ àti ti ọ̀sán á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, nǹkan bíi dígírì 26 tàbí 27 lágbègbè wa. Afẹ́fẹ́ ló ń lọ sókè sódò. Láàárọ̀ ọyẹ́ ó lè wálẹ̀ dé 18, kó sì ti gun 34 kí aago méjì ọ̀sán tó lù. Ọwọ́ tó ti gan nínú 18 á ní omi 27 gbóná. Ọwọ́ tó ti ń làágùn ní 34 á ní omi kan náà tutù. Bí o kò bá ní tẹmọ́mítà, gbé abọ́ mẹ́ta kalẹ̀: omi gbígbóná tí ara lè gbà, omi fìríìjì, àti omi kànga. Ki ọwọ́ kan bọ ti gbígbóná, kí ọwọ́ kejì wọ ti tútù, dúró díẹ̀, kó o wá kó méjèèjì sínú omi kànga lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ méjèèjì á bá ara wọn jà lórí omi kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ ló ń jẹ́ kí omi náà dúró sójú kan. Ooru kì í tètè rin inú ilẹ̀. Ooru ọ̀sán kan kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìdajì mítà kí òru tó dé bá a. Ti ọdún odindi, ìyẹn ìyàtọ̀ àárín ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán tí o bá gbẹ́ ilẹ̀ dé nǹkan bíi mítà 10. Ohun tó kù nísàlẹ̀ níbẹ̀ ni ooru gbogbo ọdún tí a dà pọ̀, tí a sì pín dọ́gba.

Ní ti èéfín tó ń rú lórí korobá, omi tó ń kúrò lójú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló bá afẹ́fẹ́ tútù pàdé, tó sì tún padà di ẹ̀kán kéékèèké tójú lè rí. Kò sídìí fún omi láti hó kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

* * *

Mo ti rí i pé àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìyàrá pọ̀. Ìkógòsì, Ìkógòsì ni gbogbo yín ń kígbe. Ó dáa. Omi Ìkógòsì gbóná lóòótọ́, nǹkan bíi dígírì 37 tàbí 38 níbi tó ti ń ṣẹ́yọ. Àmọ́ omi yẹn ti rìn jìnnà wọ inú àpáta kó tó gba ojú ibi tí òkúta ti là padà wá sókè. Bí èèyàn bá ń lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀, nǹkan bíi dígírì 25 sí 30 ló ń lé lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìyẹn wọn kànga Ìyàrá. Kànga tó jìn ní mítà 10 ò lè rí tó ìdá mẹ́ta dígírì kan gbà lọ́wọ́ ooru ìsàlẹ̀. Òkè ẹ̀yìn ilé yín sì rèé, òkúta ìpìlẹ̀, ìyẹn àpáta àtayébáyé tí ilẹ̀ dúró lé, bí irú èyí tó wà káàkiri ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, ni. Kò sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà sún mọ́ òótọ́ ju ẹ̀gbọ́n lọ. Awọ ilẹ̀ ń gba ooru lọ́sàn-án, ó sì ń dá a padà fún ojú ọ̀run lóru. Kìkì pé kànga wà lábẹ́ ibi tí ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Ará Ẹ̀gbẹ̀ tó ní tòun yàtọ̀, tó ní omi bọọ̀hóòlù òun ń jó ni lọ́wọ́ lọ́sàn-án: níbo ni tánkì rẹ wà? Bó bá jẹ́ tánkì dúdú lórí irin gíga ni, oòrùn lo ń fi wẹ̀. Jẹ́ kí omi tó wà nínú páìpù ṣàn lọ ná, tàbí kó o gba omi ní tààrà láti ẹnu ẹ̀rọ, kó o tún wá sọ ohun tó o rí.

* * *

Ìyá kan láti Ìyàmoyè bi mí, inú wọn ò sì dùn: "Tíṣà, ṣé omi àmù tó ń tutù náà, ara wa ló ń tàn wá?"

Rárá o, mà. Ti àmù yàtọ̀. Omi inú àmù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, tẹmọ́mítà á sì jẹ́rìí sí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé amọ̀ ló tutù. Kí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀ fi ọ̀dà kun àmù yíká, kó pọn omi sí i, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi náà ò ní tutù ju ti inú ike lọ. Iṣẹ́ amọ̀ ni pé ó ń jò díẹ̀díẹ̀. Omi ń yọ sára àmù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì ń gbé e lọ. Èyí tó ń lọ yẹn gbọ́dọ̀ rí ooru gbà kó tó lè fò, ara omi tó kù nínú àmù ló sì ti ń gbà á. Bí òógùn ṣe ń tu èèyàn lára náà nìyẹn. Ooru náà kì í sì í ṣe kékeré. Bí ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún omi inú àmù bá fẹ́ lọ, tí ooru míì ò sì ráyè wọlé láti ìta, èyí tó kù á fi nǹkan bíi dígírì 6 tutù sí i.

Ibi tí àríyànjiyàn wà gan-an ni ìdí tí àmù fi ń tutù lọ́yẹ̀ẹ́ tí kì í fi í tutù nígbà òjò. Àwọn kan ní àmù ti gbó, wọ́n á lọ ra tuntun. Ẹ fowó yín pamọ́. Lọ́sàn-án ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 35 tó sì gbẹ táútáú, ibi tí àmù lè wálẹ̀ dé sún mọ́ dígírì 19 tàbí 20, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Keje, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30, tí ọ̀rinrin sì kún inú rẹ̀, kò lè kọjá nǹkan bíi 28, torí afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó ò láàyè fún omìíràn mọ́.

Olùkọ́ kan láti òkè ọya, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí ní Jígáwá: ìkòkò kékeré nínú ìkòkò ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí. Tòmátò àti ata ń pẹ́ nínú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ nítòsí Kàbbà, nígbà òjò kíkan kíkan, tòmátò rà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bú ẹni tó kọ́ ọ. Jígáwá gbẹ ju ilẹ̀ wa lọ jìnnà. Níbí, ọyẹ́ sí Ẹrẹ́nà ni kí ẹ lò ó.

Ní ti ibi tí àmù yẹ kó wà, mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń gbé e sí kọ̀rọ̀ yàrá tí fèrèsé ò sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, níbi òjìji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù eruku, ẹ dé e. Ẹ sì máa fi kànrìnkàn lásán ha ara rẹ̀ lóde, torí ìdọ̀tí àti ewédò máa ń dí ojú ihò amọ̀. Ọṣẹ kọ́ o, àmù á mu ún, ẹ ó sì máa mu ọṣẹ.

* * *

A ò ì kúrò lórí àmù tí Ará Mọ̀pà fi gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀wà wọlé. Ó ní ìyàwó òun ń fi iná jẹ́jẹ́ se ẹ̀wà, ó sì ń pẹ́, pé kó ki igi sí i ni.

Bọ̀dá, ẹ fi ìyàwó yín sílẹ̀. Iná ńlá dára kí ìkòkò tó hó, mo gbà. Bó bá ti hó báyìí, ó ti dé òpin ibi tí ìkòkò tí kò dí pa lè gbé e dé, nǹkan bíi dígírì 100. Igi tí ẹ ń kì sí i lẹ́yìn náà ò mú omi gbóná sí i, ẹ̀wà ò sì mọ̀ pé ẹ ṣe nǹkan kan. Èéfín lẹ ń fi owó igi rà. Kí lítà omi kan tó ń hó tó di èéfín tán, ooru tó máa gbà ju ìlọ́po márùn-ún èyí tó gbé e láti 0 dé 100 lọ. Ẹ dín iná kù, ẹ dé ìkòkò, ẹ jẹ́ kó máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹlòmíì ní iyọ̀ ń mú kí omi gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ iyọ̀ gíráàmù 58 lẹ máa dà sí lítà omi kan kí ẹ tó rí dígírì kan ṣoṣo. Ta ló máa jẹ ẹ̀wà yẹn? Kánún ní tirẹ̀ ń rọ awọ ẹ̀wà, kò kan ìgbóná omi rárá. Ohun tó ń gbé omi kọjá 100 ni ìkòkò tó ń dé pa mọ́ èéfín, tó lè dé nǹkan bíi 120. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà fi ń tètè jinná nínú rẹ̀.

Bí ibi kan bá sì ṣe ga tó náà ń ní ipa. Fún nǹkan bíi mítà 300 tí èèyàn bá gùn lókè ojú òkun, omi á fi dígírì kan tètè hó. Ní Jọ́ọ̀sì, nǹkan bíi 96 ló ti ń hó, ẹ̀wà sì ń pẹ́ níbẹ̀. Lórí àwọn òkè tiwa, ìyàtọ̀ náà ò tó ohun tí ẹnikẹ́ni ń tìtorí rẹ̀ jà.

* * *

Oníáìsì tó ń gbé omi gbígbóná sí fìrísà, ìwọ ló kàn.

O ní omi gbígbóná ń tètè dì ju tútù lọ, pé o kà á níbì kan. Mo mọ ibi tó ti wá. Lọ́dún 1963, ọmọ ilé-ìwé kan ní Tanzania, Erasto Mpemba, rí i pé mílíìkì gbígbóná tí òun fi ń ṣe áìsìkiríìmù dì ṣáájú ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, òun àti Denis Osborne, olùkọ́ fisíìsì, tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1969. Aristotle, ọ̀mọ̀ràn ilẹ̀ Gíríìsì, pàápàá ti sọ ohun tó jọ ọ́ láyé àtijọ́. Ní 2016, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Burridge àti Linden, wọ̀n ọ́n fínnífínní, wọn ò sì rí ẹ̀rí tó múná dóko pé ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Tìrẹ ò tó ìyẹn. Iná tó ń ṣe ségesège lo fi ń ṣòwò. Omi gbígbóná tó o gbé wọlé á kọ́kọ́ yọ́ áìsì àná, jẹnẹrétọ̀ rẹ á sì mu epo láti tún un dì. Jẹ́ kó tutù níta ná.

Ìgò tó ń bẹ́ sí ọ lọ́wọ́, ìwọ lo rọ omi kún un dé ọrùn. Omi ń sún kì bó ṣe ń tutù títí dé dígírì 4. Láti ibẹ̀ ló ti ń wú, bó bá sì dì, ó fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Fi àyè sílẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ tún ń da omi inú kúlà nù? Ìjà yìí pọ̀ láàárín àwọn tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní gáréèjì. Kí kílò áìsì kan tó yọ́ tán, ooru tó máa gbà tó èyí tó lè gbé kílò omi kan láti 0 dé 80, nítorí náà bí áìsì bá ṣì wà nínú omi yẹn, tẹ́ ẹ sì ń rò ó pọ̀, ìtòsí dígírì 0 ló máa wà. Omi tó yí ìgò ká ń fa ooru rẹ̀ kíá ju áìsì tó kàn án ní ojú méjì mẹ́ta lọ. Ẹ fi omi náà sílẹ̀.

* * *

Ní ṣókí: epo pupa tó dì lọ́yẹ̀ẹ́ kì í ṣe ayédèrú. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú epo, àwọn kan nínú wọn á dì kí òtútù tó mú èèyàn pàápàá. Òrí náà ń le. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá ìyá elépo jà lọ́jà Kàbbà.

Ẹni tó ní kùrukùru àárọ̀ lórí Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja àti ohun tó ń bo ojú ọ̀run lọ́yẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ti orí odò, omi ni. Odò lọ́ wọ́ọ́rọ́, afẹ́fẹ́ tutù, bíi ti korobá Ọmọ Ìyàrá. Èkejì, eruku ni, láti aṣálẹ̀, pàápàá láti Bodélé ní Chad. Ti orí odò á tú bí oòrùn bá yọ. Ti eruku lè dúró di ìrọ̀lẹ́ àti ọjọ́ kejì.

* * *

Onífùfú láti Ìsánlú ló béèrè ohun tó wúlò jù. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ tí àwọn rẹ lọ́yẹ̀ẹ́ ò rọ̀ nígbà tó yẹ, àwọn oníbàárà sì ń bínú. Àwọn kan ti gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n fi kẹ́míkà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń kan ẹ̀gẹ́ ló ń rọ̀ ọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ooru. Bí omi bá wà ní 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́ kíá. Bó bá wálẹ̀ sí 20, wọ́n á máa fà. Omi tó sùn nínú dírọ́ọ̀mù níta mọ́jú ti tutù, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ fa omi kànga láàárọ̀, ẹ lò ó lójú ẹsẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní 27, ẹ gé ẹ̀gẹ́ kéékèèké, ẹ gbé ìkòkò sí ìtòsí àdògán, ẹ fi àpò bò ó. Kò ní ya bíi ti ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ẹ máa rí ìyàtọ̀.

* * *

Ẹja. Mo mọ̀ pé ó máa dé orí ẹja, torí ibẹ̀ lèmi náà ti ń jẹun báyìí.

Ẹnì kan lápá Ẹ̀jìbà kọ̀wé pé ẹ̀pìyà òun kú lójijì ní ìdájí, àrọ̀ inú adágún kejì ò sì kú. Èsì mẹ́ta ni wọ́n ti fún un: ọ̀tá da májèlé sí i, oòrùn se ẹja, oúnjẹ ẹja ti bàjẹ́. Májèlé lè ṣẹlẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ìdájí ni ẹ wò. Oòrùn wo ló ń se ẹja ní aago márùn-ún ìdájí?

Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni. Bí omi bá ṣe ń gbóná, ọ́síjìn tó lè gbé ń dín kù. Ní dígírì 20, lítà kan lè gbé nǹkan bíi mílígíráàmù 9. Ní 30, ó ti wálẹ̀ sí 7 àti ààbọ̀. Ìgbóná yẹn kan náà ń mú kí ẹja túbọ̀ máa mí, kí ìgbẹ́ àti oúnjẹ àjẹkù túbọ̀ máa rà. Bí omi bá wá dúdú-ewé, ewédò á máa tú ọ́síjìn síta lọ́sàn-án, á sì máa jẹ ẹ́ lóru bíi ti gbogbo wọn. Ìdájí ló kù díẹ̀ jù. Ẹ̀pìyà á wá fẹnu sójú omi, á máa gba èémí, á kú. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó kàn ń gòkè wá mí ni. Ìdí nìyẹn tí adágún kejì fi yè, kì í ṣe pé ọ̀tá gbàgbé rẹ̀.

Bí ọjọ́ bá gbóná, tàbí tí ìkúùkù bò ó látàárọ̀, ẹ dín oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kù. Bí ẹ bá fẹ́ fi omi kànga gbà wọ́n là, ẹ má kàn ki páìpù bọ inú omi. Omi kànga kì í sábà ní ọ́síjìn púpọ̀. Ẹ gbé ẹnu páìpù sókè, kó máa já bọ́ sórí pátákó, kó fọ́n ká. Lọ́yẹ̀ẹ́ ẹ̀wẹ̀, àrọ̀ kì í jẹun bíi ti tẹ́lẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìgbóná omi. Ẹ má fi dandan bọ́ ọ, ohun tó kù sílẹ̀ á ba omi jẹ́. Àwọn ọmọ ẹja kéékèèké ló yẹ kí ẹ máa bu omi kànga àárọ̀ fún, torí lásìkò yẹn ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ti adágún lọ.

* * *

Ọmọ Ìyàrá padà wá: "Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́. Ó wá ní kí n béèrè bóyá ká bo kànga kí oòrùn má bàa mu omi rẹ̀ tán, torí ó ń gbẹ lọ́dọọdún ní Ẹrẹ́nà."

Ẹ bò ó nítorí ọmọdé, ọ̀pọ̀lọ́ àti ewé. Oòrùn kọ́ ló ń gbẹ ẹ́. Adágún gbalasa bíi ti Kámpẹ́ ni oòrùn ń mu ní gbangba, mílímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kànga ẹnu tóóró, tó wà nínú òjìji ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì ti mu omi yó, kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Tiyín ń gbẹ nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró láti ìparí Ọ̀wàrà, omi abẹ́ ilẹ̀ ń ṣàn lọ sí odò, igi ń fà á, ẹ̀yin náà ń fà á. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn sí i, Ẹrẹ́nà tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Igbe ni kí ẹ pe àwọn agbẹ́kànga, nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ ní Ọ̀wàrà, orí omi tí kò ní dúró dè é ló gbẹ́ ẹ dé.